Apá Òsì Àwo

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, nílé wa ní Kettering, ní Amẹ́ríkà, oòrùn ń rọra wọlé láti ojú fèrèsé. Ọkọ mi jẹ ìrẹsì apá ọ̀tún àwo rẹ̀ tán, ó sì ṣíwọ́. Ìrẹsì apá òsì wà níbẹ̀ digbí, ẹran méjèèjì wà lórí rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ la oúnjẹ náà sí méjì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá Mojí, ẹ ti di bàbá Yorùbá pátápátá."

Ọmọ ilẹ̀ Kroéṣíà ni ọkọ mi. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, búrẹ́dì ló fi máa ń nu àwo títí yóò fi máa dán. Èmi ni mo kọ́ ọ pé bàbá kì í jẹun tán láìṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí mo rí ẹran yẹn, àjẹkù ni mo pè é. Mojí, ọmọ wa ọmọ ọdún mẹ́wàá, mú un, ó jẹ ẹ́. Mo kó àwo lọ fọ̀.

Ọkọ mi wọ balùwẹ̀ lọ fá irùngbọ̀n kí a tó jáde. Nígbà tó jáde, mo wo ojú rẹ̀. Ó ti fá ti ọ̀tún, ti òsì wà níbẹ̀, ó sì ní òun ti ṣe tán. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọsibítù ní Laurel. Mo ní kó dijú, kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ òsì rọra ń wálẹ̀, bí orí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Mo pe áńbúláǹsì.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní apá ọ̀tún ọpọlọ, apá yẹn ló sì ń bá wa ṣọ́ òsì. Ojú ọkọ mi kò fọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ka òsì kún mọ́. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kì í mọ̀ pé nǹkan sọnù, kò sì ní pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbélé lẹ máa rí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín bíi tèmi, torí oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní àkókò tirẹ̀. Dókítà bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Nígbà oúnjẹ ọ̀sán." Ojú tì mí. Ó ní àkókò ṣì wà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Mo jókòó sí ibi tí àwọn ẹbí ti ń dúró, èmi tí mo máa ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó ní sùúrù. Àga náà tutù. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré, mo mọ ohun tí wọ́n ń sáré lé, ìmọ̀ yẹn kò sì ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ó yè. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí òsì rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ń bi nọ́ọ̀sì pé, "Ìyàwó mi ńkọ́?" Ó tún ní ẹnì kan gbàgbé ọwọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì òun. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Bí mo bá bọ́ sí ọ̀tún, ẹ̀rín á kún ojú rẹ̀. Bí mo bá padà sí òsì, mo ti kúrò láyé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí pé bí a ó ṣe máa bá ara wa gbé títí nìyí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń kọ́ ọ ní ìrìn sọ fún mi pé, "Ẹ má bọ́ sí ọ̀tún, mà. Òsì ni kẹ́ ẹ ti máa pè é, kó lè tún kọ́ bí a ṣe ń wo ibẹ̀."

Agbábọ́ọ̀lù àárín pápá ni ọkọ mi nígbà kan. Ó gbá a láti ìlú etí òkun tí wọ́n bí i sí dé Jámánì, kó tó wá parí rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, níbi tí orúnkún rẹ̀ ti gbé e wá sí wọ́ọ̀dù mi. Ó máa ń sọ pé òun kò yára, òun kò ga, ojú lòun fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó wà ní kékeré, kóòṣì rẹ̀ a dúró sẹ́yìn rẹ̀, a na ìka sókè. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti bojú wẹ̀yìn, kó sì sọ iye ìka náà. Ohun tó fi jẹun ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tó padà sílé, mo gbé bọ́ọ̀lù Mojí wá sí pálọ̀. Mo ń yí i sí bàbá rẹ̀ láti iwájú, Mojí dúró sí òsì, ó na ìka sókè.

"Dádì, mélòó?"

Bọ́ọ̀lù nìkan ló tẹjú mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Yìnyín ń bọ́ níta láìdún, bọ́ọ̀lù ń yí lórí kápẹ́ẹ̀tì láìdún, èmi gan-an kì í mọ̀ nígbà mìíràn bóyá mo sùn tàbí mo jí.

"Mọ́mì, Dádì ò rí mi. Mo ti taya."

Mo ní ká tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́jọ́ kan, mo yí bọ́ọ̀lù, ọrùn rẹ̀ sì yí kó tó dé. Kò jọ pé òun ló pàṣẹ. Ọrùn ló rántí. "Mẹ́ta," ló wí. Mojí wo ìka ara rẹ̀. Mẹ́ta ni lóòótọ́.

Nígbà tí a ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sí òsì rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó jẹ ti ọ̀tún tán, ó ṣíwọ́. Ọrùn rẹ̀ tún yí. Ó rí oúnjẹ tó kù, ojú rẹ̀ sì tibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wò mí pẹ́.

"Ìyá Mojí, ṣé ibẹ̀ lo wà látọjọ́ yìí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Mo sunkún, n kò sì fi pamọ́. Ó fi búrẹ́dì nu àwo náà mọ́ tónítóní, Mojí kò rí àjẹkù kankan jẹ lọ́jọ́ náà.

Kò tíì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, òsì a tún fẹ́ sọnù, kò sì wa mọ́tò mọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọrùn ọkọ mi. Ara a máa tọ́jú nǹkan pamọ́ fún wa láìsọ fún wa. Ó ti tún ń ṣẹ́ ẹran kù fún ọmọ rẹ̀ báyìí, apá òsì àwo ló sì máa ń fi í sí. Ebi ì báà máa pa Mojí, kì í fọwọ́ kàn án títí bàbá rẹ̀ yóò fi yí ọrùn, tí yóò wò ó dáadáa, tí yóò ní, "Ó yá, mú un."