Ẹ̀ka Tí Wọ́n Pè Ní Àfòmọ́

Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, igi lẹ́mọ́ọ̀nù ìyàwó mi wà nínú ìkòkò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kan ti lọ. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì tutù.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin nìkan ló wà nílé. Wọ́n ti Nàìjíríà wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mi ní Peckham nílùú òyìnbó.

"Ta ló gé igi yìí?"

"Èmi ni o, ọkọ wa. Ẹ kú orí ire! Àfòmọ́ ti fẹ́ pa á fún yín."

"Kì í ṣe àfòmọ́."

"Hẹn! Ọmọ olóko kòkó lẹ fẹ́ fi àfòmọ́ hàn? Kí n tó mọ ọkọ ni mo ti ń gé e. Ewé funfun lára igi tútù, kí ló tún kù? Àwọn òyìnbó fi yín ṣe olùtọ́jú páàkì, ẹ wá gbàgbé oko."

Mo lọ ṣí bíìnì ìdọ̀tí. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ̀ka náà sí mẹ́ta kó lè wọlé. Èso rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì wà lára rẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ní ilà bí aṣọ òfì.

"Ọkọ wa, ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni?"

Mo kó ẹ̀ka náà jáde nínú bíìnì. Àna mi ni, mi ò lè bú wọn.

Old Kent Road ni ìyàwó mi ti ra igi yẹn, ó gbé e sórí itan nínú bọ́ọ̀sì. Ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ ni ẹ̀ka náà yọ, ewé mẹ́ta, etí wọn funfun. Ó ní kí n má gé e, òun fẹ́ rí irú èso tí yóò so.

Èmi tí mo dàgbà kí n tó mọ̀wé, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni mo ti gbọ́ nípa irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, ojú kan lára igi, níbi tí ẹ̀ka ti ń rú, á ṣàdédé yí padà. Ẹ̀ka tó bá yọ níbẹ̀ á ní ara méjì, ti àtijọ́ àti ti tuntun, wọ́n á jọ máa dàgbà bí awọ méjì lára ẹni kan. Àlejò ni àfòmọ́. Èyí, igi náà fúnra rẹ̀ ni. Hóró rẹ̀ kì í sábà hu irú rẹ̀. Àfi kí a bẹ́ ojú lára ẹ̀ka náà, kí a tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ èèpo igi mìíràn.

"Mú lára rẹ̀ sórí igi mìíràn," ìyàwó mi wí lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn. "Tó bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Mo ní ó di ìgbà ooru. Ìgbà ooru dé, kò bá a láyé. A ti rí ìgbà ooru mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀bẹ mi sì wà nínú àpótí irinṣẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n gé e yẹn gan-an ni mo tó yọ ọ̀bẹ. Ojú mẹ́ta péré ló ṣì dára lára ẹ̀ka náà. Mo fi wọ́n sára lẹ́mọ́ọ̀nù kékeré kan tí mo gbin hóró rẹ̀ sójú fèrèsé ìdáná, mo fi téèpù wé wọn. Méjì dúdú, wọ́n jábọ́. Ìkẹta mú. Àràárọ̀ ni mo ń wò ó kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò bá àna mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nígbà tó yọ ewé.

"Ọkọ wa, ẹ wá wò ó! Ó ti yè! Ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí àfòmọ́ kankan!"

Lóòótọ́ ni. Ewé náà tutù láti etí dé etí. Kò sí funfun kankan. Ojú tó mú yẹn ti padà sí ti igi àtijọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ohun tí àbúrò yín ń retí láti rí lẹ gé."

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lára ìkòkò.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní kí n má bínú. Mi ò lè sọ pé kò burú.