Bí Mo Ṣe Da Ìtàn Ayé Ọ̀gá Dùùrù Kọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ní Ìkirè níbí náà ni, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Bí ẹ bá dé ibi tí ìwé mi ti rí gbágungbàgun, ẹ fò ó kọjá. Ẹnu mi kì í yá láwùjọ, ṣùgbọ́n bírò kì í tijú. Òun ni mo fẹ́ fi ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́stọ́ọ̀sì Ọláléyẹ ló ń tẹ dùùrù fún wa nígbà náà. Ọmọ Àpòmù ni wọ́n, akọ̀wé ni wọ́n ní kánsù, àwọn náà sì ni ọ̀gá àwa akọrin. Ọ̀gá Dùùrù là ń pè wọ́n.

Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe máa ń wọlé! Nínú ooru oṣù kẹta, gáùn dúdú títí dé ilẹ̀, ìrìn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tí bàtà rẹ̀ tutù. Bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tẹ dùùrù, wọ́n á yí ọrùn padà, wọ́n á wo onítọ̀hún títí ikọ́ yóò fi gbẹ. Wọ́n á sọ pé ní kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni kì í wúkọ́.

Kàtídírà wo? Ìbàdàn ni ibi tó jìnnà jù tí wọ́n dé láyé wọn! Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ dùùrù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ẹ ó rò pé omi Aṣéjìre tó wà lọ́nà Ìbàdàn ni òkun tí àwọn òyìnbó ń fi ọkọ̀ là kọjá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, Dókítà Tílìn ni. Dókítà Tílìn kì í jẹun kó tó tẹ dùùrù. Dókítà Tílìn kì í bá akọrin ṣàwàdà. Òyìnbó àtijọ́ kan ni, ó tẹ dùùrù ní kàtídírà ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún ń fúnra rẹ̀ kọ orin. Ọ̀gá Dùùrù kò rí i rí. Inú ìwé orin kan tí àwọn míṣánnárì fi sílẹ̀ ni wọ́n ti pàdé rẹ̀. Eku ti jẹ etí ìwé náà, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì wà níwájú, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bíi ti òbúkọ. Lẹ́yìn àwòrán náà ni wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí, ojú ìwé mẹ́fà gbáko.

Báwo ni mo ṣe mọ inú ìwé náà tó báyìí? Èmi ni mo máa ń da orin kọ fún àwọn akọrin, do-re-mi rẹ̀ gbogbo, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára. Inú ìwé Dókítà Tílìn ni mo ti ń dà á kọ. Bí mo bá parí, Ọ̀gá Dùùrù á ní kí n kọ ọ́ sókè pé: láti ọwọ́ F. A. Ọláléyẹ. Áńtẹ́ẹ̀mù mọ́kànlá ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀ "kọ". Àwọn ará ìjọ a máa pàtẹ́wọ́, Ọ̀gá Dùùrù a sì tẹrí ba bíi pé ó rẹ̀ wọ́n.

Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni? Rárá o. Mo ní ohun tí mo ń wá. Mo fẹ́ tẹ dùùrù! Láti kékeré ni ohùn rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò kúrò nídìí ṣòkòtò Ọ̀gá Dùùrù, okùn ni wọ́n fi so ó. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ pé bí mo bá ti da èyí kọ tán, àwọn á ṣí i fún mi. Ọdún mẹ́rin rèé! Orí tábìlì tí ìyá mi ń pàtẹ dòdò sí létí títì ni mo ti ń fi ìka tẹ dùùrù tí kò sí níbẹ̀. Ìyá mi a ní, "Ìbídùn, ṣé ara ń yún tábìlì náà ni?"

Nígbà tó yá, ọgbọ̀n ọdún pé tí Ọ̀gá Dùùrù ti ń tẹ dùùrù. Ayẹyẹ dé. Wọ́n ní dandan, a gbọ́dọ̀ ka ìtàn ìgbésí ayé àwọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí àwọn ènìyàn pàtàkì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n pè mí, wọ́n ṣí ìwé Dókítà Tílìn sí ojú ìwé mẹ́fà yẹn. Wọ́n ní kí n dà á kọ bó ṣe wà. Ibi tí mo bá ti rí Tílìn, kí n fi Ọláléyẹ sí i. Ibi tí mo bá ti rí ìlú rẹ̀, kí n fi Àpòmù sí i.

Mo rọra bi wọ́n pé ṣé ìtàn àwọn méjèèjì wá bára mu ni.

Wọ́n ní, "Gbogbo àgbà olórin, ọ̀kan náà ni ìtàn wọn. Má fi kún un, má yọ kúrò nínú rẹ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, lẹ́yìn ayẹyẹ, màá ṣí dùùrù fún ọ."

Mọ́ńdè! Àṣé ọjọ́ náà yóò dé!

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi dà á kọ lórí tábìlì dòdò, tí mo ń fi apá bo bébà kí epo má baà ta sí i. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ yìnyín, mo sì mọ búrẹ́dì. Mo ń kọ ọ́, mo ń rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà tí mo dé ojú ìwé tó kẹ́yìn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọwọ́ mi dúró gbọnrangandan.

Kí ni mo rí níbẹ̀? Ẹ ní sùúrù.

Ní Sátidé, mo gbé bébà náà, mo lọ béèrè. Mo bá Ọ̀gá Dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, dùùrù ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọmọbìnrin kan sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ọmọ lọ́yà tí yóò ṣe alága lọ́jọ́ kejì ni, láti Ìbàdàn. Ọ̀gá Dùùrù ń mú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi tẹ eyín dùùrù. Ọmọ náà ń yán!

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìparí ìtàn yẹn—"

"O ò tíì parí ẹ̀?"

"Ó ku ojú ìwé kan, sà. Mo ní kí n béèrè bóyá kí n—"

"Béèrè kí ni? Ìwọ ọmọ onídòdò, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìtàn ayé ara mi? Mo ní dà á kọ! Gbogbo ẹ̀!"

Ọmọ lọ́yà rẹ́rìn-ín. N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà, mo ní, "Mọ́ńdè ńkọ́, sà?"

Wọ́n wo ọwọ́ mi. "Ọwọ́ tó ń yí dòdò nínú epo, òun ló fẹ́ wá tẹ dùùrù? Kí o fi epo kun eyín rẹ̀? Dìde, jọ̀ọ́. Ní kàtídírà, irú yín kì í kọjá ẹnu ọ̀nà."

Mo dìde. Mo padà sílé. Mo da ojú ìwé tó kẹ́yìn kọ. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò sì dára tó bẹ́ẹ̀ rí! Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní ọmọ burúkú, ẹ pè mí, ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń kọ.

Ọjọ́ Àìkú dé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ẹbí Ọ̀gá Dùùrù wá láti Àpòmù. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, Làsísì ni Ọ̀gá Dùùrù ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n wọ ilé ìwé ni wọ́n di Fẹ́stọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Àlájà, jókòó níwájú pátápátá pẹ̀lú ìbòrí funfun. Ìyàwó Ọ̀gá Dùùrù àti ọmọ wọn mẹ́fà tò tẹ̀lé Àlájà.

Lọ́yà dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn náà láti imú. Ẹnì kan tó gbádùn Gẹ̀ẹ́sì ara rẹ̀ tó báyìí, ṣé yóò tún máa gbọ́ ohun tí ó ń kà? Bàbá Kátíkíìsì tó ń bójú tó ìjọ wa ló ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Wọ́n ní, "Àpòmù ni wọ́n ti bí Ọ̀gbẹ́ni Ọláléyẹ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo òrùlé."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Àlájà kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n ní, "Yìnyín wo? Ìgbà tí à ń sá kòkó ni wọ́n bí Làsísì!"

Bàbá Kátíkíìsì ń bá a lọ, "Bàbá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì fún gbogbo abúlé."

"Bàbá wa? Bàbá tó jẹ́ pé oko kòkó lọ́nà Orílẹ̀-Òwu ló kú sí? Búrẹ́dì kẹ̀!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọ̀gá Dùùrù di ojú, wọ́n ń mi orí jẹ́jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì náà ń dùn mọ́ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò kàn wọ́n.

Bàbá Kátíkíìsì wẹnu mọ́, wọ́n ní, "Kò gbé ìyàwó títí ayé rẹ̀. Dùùrù ni ó fi ṣe aya, kò sì bí ọmọ kankan."

Ìyàwó Ọ̀gá Dùùrù yí padà, ó wo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín! Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá Dùùrù la ojú. Wọ́n na ọwọ́ sí lọ́yà pé ó tó, ṣùgbọ́n lọ́yà rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó tún gbóhùn sókè.

Bàbá Kátíkíìsì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀lé e, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í fo ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gbẹ́ni Ọláléyẹ... kú ní ìrọ̀rùn, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n sì sin ín sí abẹ́ dùùrù."

"Ìnnálílláhì!" Àlájà ti dìde. "Làsísì! Ta ló pa á? Ìgbà wo?"

Ìyá àgbà kan tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ dùùrù lóòótọ́!

Ọ̀gá Dùùrù fò sókè, wọ́n nàka sí mi láàárín àwọn akọrin. "Ọmọ yìí ni! Ọmọ onídòdò yìí ló kọ ọ́! Ó fẹ́ pa mí!"

Ẹ̀rín dá. Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi tí n kì í lè kí ènìyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà! Bàbá Kátíkíìsì ní kí n máa bọ̀, wọ́n bi mí ibi tí mo ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé Dókítà Tílìn wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n dá a padà. Mo nà án sí wọn.

Wọ́n gba bébà mi lọ́wọ́ lọ́yà, wọ́n gbé e síra pẹ̀lú ìwé náà. Wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé e, ìlà dé ìlà.

"Ìbídùn, ta ló ní kí o da èyí kọ?"

"Àwọn ni, sà. Wọ́n ní kí n má fi kún un, kí n má yọ kúrò nínú rẹ̀."

Bàbá Kátíkíìsì wo Ọ̀gá Dùùrù. Wọ́n kàn ṣí ìwé náà lọ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kọ do-re-mi tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Áńtẹ́ẹ̀mù ìkórè wa tí Ọ̀gá Dùùrù ní àwọn làwọn kọ ọ́ ni! Gbogbo àwa akọrin gbójú sókè, a ń ka pákó àjà.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni Ọ̀gá Dùùrù gbà jáde. Gáùn wọn há mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fà á ya. Àlájà ń sáré tẹ̀lé wọn, wọ́n ń pariwo, "Làsísì, dúró! Jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ọ́, kí n mọ̀ pé o wà láàyè!"

Orin ìkẹyìn lọ́jọ́ náà, ẹnu lásán la fi kọ ọ́.

Nígbà tí mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, títí kan ohun tí wọ́n sọ nípa ọwọ́ epo. Ìyá mi ń yí dòdò, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá yá ayé ẹlòmíràn lò, ṣé kò ní yá ikú rẹ̀ mọ́ ọn ni?"

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn, n kò ní òmíràn tó jù ú lọ. Ọ̀gá Dùùrù mọ dùùrù tẹ̀ o, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣé ọmọ àgbẹ̀ kòkó láti Àpòmù kò tó nǹkan tí ènìyàn lè fi yangàn ni? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Dókítà Tílìn ló ń dùn mí jù. Ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ orin, ó kú, a wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní Ìkirè. Bírò tèmi ni wọ́n sì fi pa á rẹ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà ládùúgbò yín tó ń fi gáùn onígáùn yan? Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ̀yin náà da irọ́ kọ rí, kí sì ni ẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ kí á kà á, kódà bí ìkọ̀wé yín bá burú ju tèmi lọ.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò sí ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lẹ́nu dùùrù pẹ̀lú okùn rẹ̀, ibi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí. Mo kọ́kọ́ ṣí àpótí akọrin, mo kó áńtẹ́ẹ̀mù mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde, mo fi ìlà pa orúkọ Ọ̀gá Dùùrù tí mo kọ sókè wọn rẹ́, mo kọ orúkọ Dókítà Tílìn síbẹ̀. Mo fa omi nínú kànga, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí àga, mo fi ẹsẹ̀ tẹ afẹ́fẹ́ sí dùùrù, mo sì fi ìka kan tẹ orin tí a fi ẹnu lásán kọ lánàá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo tì í padà. Mo so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti lè tó o, mo sì lọ bá ìyá mi bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.