Ihò Ara Ògiri

Bàbá Ṣàíbù bíríkìlà kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Mùsùlùmí ará Múṣin ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ló mọ gbogbo búlọ́ọ̀kù oníhò tó wà lára ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sùúrùlérè. Kí Bàbá tó to búlọ́ọ̀kù kankan, wọ́n á kọ́kọ́ dáná sí èèpo àgbọn gbígbẹ, wọ́n á wo ibi tí èéfín ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ihò sí. Ogójì ọdún la fi jókòó síbẹ̀, ooru ò yọ wá lẹ́nu.

Lọ́dún tó kọjá, alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé wa ní ihò yẹn ò bá ayé mu mọ́. Ó ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí i pátá, kí wọ́n lẹ táìsì mọ́ ọn, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Mo pariwo títí ohùn mi há. Ta ló bi ẹni tó kọ́ ọ léèrè? Kò sí!

Lọ́jọ́ tí a ṣí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn àtúnṣe náà, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ìyá àgbà méjì dákú sórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà yẹn ni alága aláìnítìjú yìí wá ránṣẹ́ pe Bàbá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ibo ni ká gbé fáànù sí?"

Bàbá dáná sí èèpo àgbọn láàárín ṣọ́ọ̀ṣì. Èéfín náà lọ bá ògiri, ó ṣẹ́rí padà, ó bò wá lójú. Gbogbo wa ń wúkọ́.

"Ẹ bi èéfín," ni Bàbá wí. "Òun náà ń wá ọ̀nà."