Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Orin

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí bàbá mi, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ orin sí pálọ̀ wa ní Iléṣà. A to àga láti àárọ̀, ṣùgbọ́n títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kankan kò wá. Bàbá ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn nígbà tí ìyá àgbà kan, àgbẹ̀ kòkó láti Ifẹ̀wàrà, wọlé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè kọ́ arúgbó? Láti kékeré ni dùùrù ti ń wù mí.”

“Ìyá mi, ẹ jókòó. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń retí.”

Nígbà tí dùùrù dún lábẹ́ ìka rẹ̀, ìyá náà kígbe ayọ̀ bí ọmọdé, omi sì lé ròrò sójú bàbá mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan péré la ní lọ́jọ́ náà, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.