Ọlọ́lá Kan ní Bìsántíọ̀mù, àti Ọdún Tí Wọ́n Yọ Mí Nípò

Ní ọdún tí wọ́n yọ mí nípò ní ọ́fíìsì wa ní The Woodlands, ní Amẹ́ríkà, ọmọ mi obìnrin ń kọ ìwé tí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀kọ́ ìtàn ló yàn. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti fẹ́ kó di dókítà. A bínú, a bẹ̀ ẹ́, nígbà tó rẹ̀ wá, a fi í sílẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́lá kan ló ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ẹni tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ní ilẹ̀ ọba Bìsántíọ̀mù, tí wọ́n ń pe olú ìlú rẹ̀ ní Istanbul lónìí. Kí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò kàn mí.

Ẹnjiníà ni mí. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀gá àgbà tó gbà mí síṣẹ́ fẹ́ràn mi; òun ló gbé mi kúrò nídìí àwòrán páìpù, tó fi mí ṣe olórí ẹ̀ka. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀gá tuntun dé. Wọn ò bú mi, wọn ò lé mi. Wọ́n kàn ní kí n lọ máa bójú tó àkànṣe iṣẹ́ kan nínú yàrá kan nísàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Ọkùnrin tí èmi fúnra mi gbà síṣẹ́ ni wọ́n fi sórí àga mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ní àwọn ti pa ipò tuntun náà rẹ́. Obìnrin kan sìn mí dé ìdí ọkọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gba káàdì ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn mi.

Láti ọjọ́ náà, ara mi kò gba ìjókòó mọ́. Bí ìyàwó mi bá ti lọ síbi tó ti ń ta oògùn, èmi náà á bọ́ sínú ọkọ̀. Màá wà á lọ sí Humble, màá wo bàálù mélòó kan bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, màá tún gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sí Sharpstown, níbi tí a gbé nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Mi ò ní sọ̀kalẹ̀. Màá kàn yí po, màá padà sílé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ẹnì kan bá bi mí ní mọ́sálásí pé, "Alhaji, iṣẹ́ ńkọ́?" màá ní, "Àlùhámúdùlílàhì," ẹsẹ̀ mi á sì ti máa lọ.

Ọmọ mi ló dá mi dúró. Ó ti wá sọ́dọ̀ wa kó lè ráyè parí ìwé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì.

"Daddy, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń bọ̀."

"Ojoojúmọ́ lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ojú tì mí. Mo jókòó. Mo wá fi í ṣeré pé, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ní Yorùbá ni o." Gẹ̀ẹ́sì la jọ máa ń sọ; Yorùbá ọmọ náà kò ju ìkíni àti oúnjẹ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbìyànjú.

"Ọkùnrin yìí, soja ni. Ilé wọn tóbi, wọ́n ní ilẹ̀. Sístà ẹ̀ fẹ́ ẹnì kan tó wá di ọba. Ọba fún un ní àwọn soja tó pọ̀. Then ọba kú. Àwọn tí ipò kàn ṣì kéré. Ẹni tó ń ṣe ìjọba gan-an ni ọkùnrin kan ní ààfin... Daddy, kí lẹ ń pe ọkùnrin tí wọ́n ti gé nǹkan ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ fún ọba?"

"Ìwẹ̀fà."

"A ní word fún un?"

"Àwọn ọba Ọ̀yọ́ ní wọn lọ́pọ̀lọpọ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Okay. Ìwẹ̀fà bẹ̀rù ọkùnrin yìí. Kò pa á o. Ó kàn gba àwọn soja lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní kó lọ máa ṣọ́ ibì kan tó jìnnà."

Mo dìde.

"Daddy, kí ló dé?"

"Omi ni mo fẹ́ mu."

Mi ò mu omi kankan. Mo dúró níwájú fìríìjì títí ọkàn mi fi rọlẹ̀ díẹ̀, mo padà wá jókòó.

Àárọ̀ mẹ́rin ló fi sọ ìtàn náà fún mi. Ọkùnrin náà kò gbà. Ó ṣọ̀tẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì pè é ní ọba. Ó wọ bàtà pupa tí ọba nìkan ń wọ̀. Ó jagun fún ọdún mélòó kan, ó pàdánù, ó sá lọ sí Bàgídáàdì. Àwọn èèyàn kálífà, olórí àwọn Mùsùlùmí tó sá tọ̀, sì tì í mọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó tún padà lọ pe ara rẹ̀ ní ọba. Ọlọ́lá mìíràn pè é pé kí àwọn jọ gba ìjọba, ó tàn án, òun náà tì í mọ́lé.

Inú bí mi. "Kí ló dé tí kò jókòó jẹ́ẹ́?"

Ọmọ mi wò mí. "Ẹ̀yin náà ò jókòó."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ náà pè mí lórí fóònù. Iṣẹ́ kan tí mo ṣe láyé ọ̀gá àtijọ́ ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹni tó gba àga mi kò mọ ìdí tí mo fi gbé àwọn páìpù náà gba ibi tí mo gbé wọn gbà. Wọ́n ní ṣé mo lè wá fún ọjọ́ méjì.

Ìyàwó mi ju aṣọ ìnuwọ́ sórí tábìlì. "Ẹ má dá wọn lóhùn rárá. Àwọn tó gba káàdì lọ́rùn yín bí olè!"

Mo ń rìn láti pálọ̀ dé ìdáná, láti ìdáná dé pálọ̀. Ọmọ mi ní kí n wá gbọ́ èyí tó kù.

Nígbà tí ọlọ́lá kejì kú, tí ọkùnrin náà jáde, ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Ó túúbá. Àwọn méjì dì í lápá wá síwájú ọba, ọ̀kan lára àwọn tó ṣì kéré nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Ó ti bọ́ gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ ọba, àfi bàtà pupa tó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọba fọwọ́ bojú, ó ní òun ò ní wò ó títí yóò fi bọ́ ọ. Ó bọ́ ọ. Wọ́n jókòó, wọ́n jọ mu ọtí, ọba sì bi í léèrè bí ìjọba òun ṣe lè fìdí múlẹ̀. Ọkùnrin náà kọ́ ọ ní bí yóò ṣe dènà àwọn alágbára bí òun fúnra rẹ̀.

"Ó sọ fún un?"

"Ó sọ fún un. Ohun tó mú un sọ ọ́ ni mi ò mọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé mi dúró sí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ohun tó mọ̀."

Ọmọ mi fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Mo lọ. Wọ́n fún mi ní káàdì àlejò. Ẹni tó gba àga mi kò lè wò mí lójú títí di ọ̀sán, mo sì ṣàlàyé gbogbo páìpù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun kò bèèrè fún ipò náà. Mo ní mo mọ̀. Mi ò gbà á gbọ́ tán, ṣùgbọ́n mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n tún pè mí lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n máà bínú. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Humble ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń yẹ àwòrán wò fún wọn lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ mi dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì rẹ̀, mo gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó, mo jáde. Mo ti yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹta nínú oòrùn nígbà tí ìyàwó mi yọ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi gèlè nu ojú.

"Níbo lẹ wà? Ó ti yege! Ẹ wá kí ọmọ yín."

Mo sáré wọlé.