Bí A Ṣe Fi Ọkọ̀ Arúgbó Lọ Mú Ìyá Mi Bọ̀ láti Jẹ́bbà

Àkùkọ àkọ́kọ́ ti kọ, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́, nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ti ọkọ̀ jáde kúrò ní àgbàlá wa l'Ẹ́dẹ. Ńṣe la tì í, kí ariwo ẹ́ńjìnnì má baà jí àwọn ọmọ. Nígbà tí a dé ojú títì, mo rí ẹnì kan lábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó fi aṣọ bo èjìká nítorí òtútù. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ni, fìtà tó máa ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdájí. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mò ń bá ẹ lọ ni."

"Sí Jẹ́bbà?"

"Ibi tí ọkọ̀ yẹn bá ń lọ. N ò lè jẹ́ kí ìyá rẹ wà nínú ọkọ̀ tí n ò wò tán."

Ó gbé àpótí rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wọlé, ó jókòó. N kò lè sọ pé kó má lọ. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ tútù mẹ́fà tí wọ́n pọ́n sí ewé àti ìgò omi méjì fún wa, a sì gbéra.

Ó yẹ kí n sọ ìdí ìrìn àjò náà. Ó lé ní ogún ọdún tí ìyá mi ti ń ta aṣọ ní Jẹ́bbà. Ní ìparí oṣù tó ṣáájú, lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹlòmíràn ló bá wọn kọ ọ́. Ìbàdí ń dùn wọ́n, wọn kò lè jókòó pẹ́, wọn kò sì lè gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin mọ́. Wọ́n ní kí n wá mú wọn wálé, kí n má sì pẹ́. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pinnu pé ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ni wọ́n máa dùbúlẹ̀ sí títí dé ilé.

Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ewé ni. Mo rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ó ti rìn ju ọ̀kẹ́ mẹ́rin máìlì lọ kó tó dé ọwọ́ mi, èmi náà sì ti fi tèmi kún un. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú, ìjókòó iwájú sì ti tẹ̀ sí ìhà ibi tí mò ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n òun ló gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù nígbà tó fẹ́ bí ọmọ wa ìkẹyìn, òun ló sì ń gbé mi lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Alájùé láràárọ̀. N kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin kí a tó gbéra, mo gbé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì Ẹ̀gbọ́n Làmídì lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, nítorí pé pọ́ọ̀mpù tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká ti ń jò. Ó tú u. Bó ṣe tú u tán, ó nu ọwọ́, ó ní:

"Tíṣà, a ti ṣí iwájú ọkọ̀ yìí báyìí. Jẹ́ ká pààrọ̀ rọ́bà méjèèjì tó ń gbé omi, tòkè àti tìsàlẹ̀. Wọ́n ti gbó. Ká pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí fáànù pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ká bọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ká wo inú bíréékì, ká fi gíríìsì tuntun sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, pọ́ọ̀mpù ló ń jò. Bíréékì ò ṣe nǹkan kan."

"Kò tíì ṣe nǹkan kan ni."

Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní Bọ́má nígbà ogun, mọ́tò àwọn sójà lòun ń tún ṣe. Bí wọ́n bá tú ọ̀kan nítorí ohun kan, ọ̀gá wọn á ní kí wọ́n wo gbogbo ohun tó wà nítòsí ibẹ̀, nítorí pé nínú igbó yẹn, kò sẹ́ni tó máa padà wá tún un tú. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Bẹ́líìtì àti rọ́bà òkè wà l'Óṣogbo. Ti ìsàlẹ̀ kò sí, àfi kí á ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ìyẹn á sì gba ọjọ́ mẹ́ta. Ìsinmi Àjíǹde tí wọ́n fún wa kò ju ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ lọ. Mo fi ìka tẹ rọ́bà ìsàlẹ̀ náà, ó sì le lójú mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó sì fi táyà sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò bá mi jiyàn. Ó tún pọ́ọ̀mpù ṣe, ó fi bẹ́líìtì àti rọ́bà òkè tuntun sí i, ó sì di gbogbo rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá a lábẹ́ igi máńgòrò.

A gba ọ̀nà Awo. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa ni títí dé Ẹ̀jìgbò, ó sì ti di ìgbì-ìgbì bíi páànù ìbolé, tí eyín wa fi ń gbá ara wọn. Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ẹ̀jìgbò. A ra àkàrà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní tọ́rọ̀, a fi jẹ ẹ̀kọ wa. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ mo ra epo gálọ́ọ̀nù mẹ́ta. Gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀dà ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà, ọkọ̀ mi sì ń lọ bí ẹni tó wọ bàtà tuntun.

Ní Ìlọrin a jẹ màsà. Ìrẹsì ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n á jẹ́ kó kan díẹ̀, tí wọ́n á wá dín in nínú ìkòkò kékeré olójú mélòó kan. Ó fẹ́lẹ́ lẹ́tí, ó nípọn láàárín. Tọ́rọ̀ ni mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n Làmídì fi ata jẹ tirẹ̀. Èmi fi oyin jẹ tèmi, ó sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó tó nǹkan bí ogún máìlì lẹ́yìn Ìlọrin, nígbà tí oòrùn ti ga, mo gbọ́ "hòò" lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, èéfín funfun sì bo gíláàsì iwájú. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà. Omi ń dà sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fọ́ ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ṣí iwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Rọ́bà ìsàlẹ̀ ti là láti òkè dé ilẹ̀.

Mo dúró kó sọ pé ṣebí òun ti sọ. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ kò ju pé, "Má ṣí ìdérí omi yẹn o, á bó ẹ lójú. Jẹ́ kó tutù." Ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ó yọ táyà inú kẹ̀kẹ́ kan tó ti gbó nínú àpótí rẹ̀, ó ń gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú tì mí ju kó bú mi lọ. Mo ń rò ó pé ká ní ìyá mi ló dùbúlẹ̀ sẹ́yìn nínú oòrùn yẹn ńkọ́.

Omi ni kò sí. Ìgò méjì tí ìyàwó mi fún wa kò tó nǹkan. Obìnrin Fúlàní kan ń bọ̀, ó gbé igbá nónò lérí, ìyẹn wàrà olómi tí wọ́n ń mu. L'Ẹ́dẹ, obìnrin tó kéré sí wa bíi tirẹ̀ á kúnlẹ̀ kí wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Eléyìí dúró ṣánṣán, ó wò wá lójú, ó sì rẹ́rìn-ín sí wa bí ẹni tó ti mọ̀ wá tipẹ́. N kò rí àìmọ̀wàáhù kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Làmídì gbọ́ Gàm̀bàrí díẹ̀ láti ojú ogun. Ó tọ́ka sí ọkọ̀, ó ní, "Rúwá," tó túmọ̀ sí omi. Obìnrin náà gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi ọwọ́ júwe pé kí n máa ṣọ́ ọ, ó sì mú Ẹ̀gbọ́n Làmídì gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lọ. Nígbà tí wọ́n padà, akèrègbè omi méjì ni obìnrin náà gbé. Mo fẹ́ fún un ní sísì, ó ti ọwọ́ mi padà. "Sái hànkúrí," ó wí, ó gbé igbá rẹ̀, ó ń lọ. Ẹ̀gbọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ká ṣe sùúrù.

Ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ yẹn wé ojú ibi tó là, ó fi wáyà dì í, ó dì í, a rọ omi sí i, a sì ń rọra lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta la dúró kí a tó dé Jẹ́bbà, ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ẹsẹ̀ àpáta ńlá kan la ti rí Odò Ọya. Kwárà ni àwọn Gàm̀bàrí ń pè é. Ó fẹ̀ débi pé ọkọ̀ ojú omi tó wà láàárín rẹ̀ kò ju ewé lọ lójú mi. Nígbà tí a dé ilé tí ìyá mi ń gbé, bàbá onílé wọn, Tápà àgbàlagbà kan, bọ́ síta, ó ń fi èdè Gàm̀bàrí sọ pé, "Sànnú dà zúwà," ẹ kú àbọ̀ nìyẹn. Ìyá mi wà lórí ẹní. Wọ́n ti rù. Ẹrù wọn ti wà ní dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àpò mẹ́ta àti àpótí kan.

"Àkànbí, o dé."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá."

"Dìde. Ẹ jẹ́ ká máa lọ ní ìdájí ọ̀la."

Kí n tó dáhùn, Ẹ̀gbọ́n Làmídì ti wà níta, ó ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Kò bi mí léèrè. Ó bọ́ táyà iwájú ní apá òsì, ó ṣí bíréékì, ó pè mí. Inú rẹ̀ tutù, ó ń dán. Ó fi ìka kan án, ó fi hàn mí. Omi bíréékì ni. Rọ́bà kékeré tó yẹ kó sé e mọ́nú ti jẹ, ó ń jò díẹ̀díẹ̀ láìhàn síta.

"Ó ṣẹ́ kù díẹ̀," ó wí. "Lọ́jọ́ kan, o máa tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á sì kan ilẹ̀."

Mo padà lọ bá ìyá mi. Èmi tí n kò lè dúró ọjọ́ mẹ́ta l'Ẹ́dẹ ni mo kúnlẹ̀ tí mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ ò tíì dáa tó láti gbé yín."

"Ṣebí òun lẹ gbé wá?"

"Òun ni, Màmá. Kò yẹ ká gbé e wá bẹ́ẹ̀."

Wọ́n yí ojú sí ògiri. Inú bí wọn títí tí a fi jẹun tán. Ẹja tútù Odò Ọya ni bàbá onílé sè fún wa, ó sì tóbi débi pé orí rẹ̀ nìkan gba àwo kan.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n Làmídì wọ lọ́rì lọ sí Ìlọrin, ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú rọ́bà ìsàlẹ̀ tuntun, rọ́bà bíréékì fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti agolo gíríìsì kan. Lọ́jọ́ kẹta, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, èmi ni mò ń na irinṣẹ́ sí i. Níbi tó bá ṣí, ó máa ń wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ẹsẹ̀ kan, ó wo béárìn, ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì, ó fi gíríìsì sí i. Ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì le. Ó da omi sí bátìrì, ó pààrọ̀ ọ́ọ̀lì tó ti dúdú bí èédú. Ìyá mi ní kí a gbé ẹní wọn wá sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé ìbínú wọn.

"Làmídì, kí ni ìyẹn ń ṣe?"

"Òun ló ń jẹ́ kí táyà yí láìkérora, Ìyá."

"Gíríìsì yẹn, ṣé o lè fi díẹ̀ sí orúnkún mi?"

Ẹ̀gbọ́n Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti gbé sípánà kalẹ̀. Bàbá onílé, tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, náà ń rẹ́rìn-ín nítorí pé àwa ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, a tẹ́ tìmùtìmù òwú sẹ́yìn ọkọ̀, a gbé ìyá mi lé e. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wà wọ́n lọ sí etí odò. Wọ́n wò ó. Ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, a sì yí padà.

A kọjá Bódé Sáàdú, a kọjá Ìlọrin, ọkọ̀ kò gbóná rárá. Ní àárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò, ọ̀nà kan sọ̀kalẹ̀ lọ síbi afárá onípákó kan. A ti wà ní àárín ìsọ̀kalẹ̀ náà nígbà tí agbo màlúù kan ya jáde láti inú igbó, wọ́n kún ojú ọ̀nà. Mo tẹ bíréékì. Erùpẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ táyà, ẹrù ń rọ́ wá síwájú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúró. Màlúù funfun kan na imú sí iwájú ọkọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú.

"Ìyá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan," wọ́n dáhùn. "Ẹ jẹ́ kí àwọn màlúù kọjá tán."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la wọ Ẹdẹ, erùpẹ̀ pupa bò wá débi pé àwọn ọmọ mi kò kọ́kọ́ dá wa mọ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń kí ìyá mi, ó ń sunkún. Àwọn ará ilé fẹ́ gbé wọn. Wọ́n ní rárá. Wọ́n di èjìká mi mú ní ọwọ́ kan, ti Ẹ̀gbọ́n Làmídì ní ọwọ́ kejì, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ inú ilé.

Mo ti rí odò ńlá, mo ti jẹ màsà, mo ti gbọ́ èdè tí n kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi jù ni pé ohun tó ti bá ni rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a máa wò ó kó tó kígbe. Ó yẹ ọkọ̀, ó sì yẹ òbí. Ọdún mẹ́ta ni lẹ́tà ìyá mi fi ń sọ pé àlàáfíà ni wọ́n wà, tí n kò lọ wò wọ́n.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo gbé ọkọ̀ lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n Làmídì yọ jáde lábẹ́ lọ́rì kan, ó nu ojú.

"Tíṣà, kí ló tún dé?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí ẹ bá mi wò ó ni."

Ó fa àpótí kan sọ́dọ̀ mi pé kí n jókòó, ó sì ṣí iwájú ọkọ̀.