Iná Kò Dé Ibi Pílọ́ọ̀gì

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí mo ń wà ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí ní bàbá lọ. Mo rà á kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa wà á. Tí mo bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ láàárọ̀, ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò dìde. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń yí, kò gbaná.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi falẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti mú ilẹ̀ rọ̀, àwọn obìnrin tí ìyàwó mi bẹ̀ lọ́wẹ̀ sì ti fa ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tu lánàá ọjọ́ náà, ní oko wa ní ọ̀nà Ìwéré-Ilé; ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n parí, a kò ráyè kó o wálé. Ẹni tó bá ń gbin ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé bí a bá ti fà á tu, kì í pẹ́ bàjẹ́. Tí a kò bá kó o wá sí Ṣakí lọ́jọ́ náà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, inú rẹ̀ á dúdú, gaàrí tí ìyàwó mi ti ń retí láti ọdún tó kọjá á sì di oúnjẹ ewúrẹ́.

Aládùúgbò mi, alápatà tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ké, ó sì rìn wá pẹ̀lú pákò lẹ́nu.

"Tíṣà, sin ín. Ẹran tó bá ti kú kì í jẹ koríko mọ́."

"Kò tíì kú. Wá jókòó sídìí kọ́kọ́rọ́, kí o máa yí i tí mo bá ní kí o yí i."

"Epo ló tán nínú rẹ̀."

Epo kò tán. Mo tú pílọ́ọ̀gì kan, irin kékeré tó ń ta iná sí epo, mo fi hàn án: ó tutù, epo ń rùn lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbé. Epo ti dé, iná tí yóò jó o ni kò dé. Kì í sì í ṣe bátìrì, nítorí bátìrì tó ti kú kò lè yí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo nu pílọ́ọ̀gì náà gbẹ, mo dá a padà sẹ́nu wáyà rẹ̀, mo fi ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, mo ní kí alápatà yí kọ́kọ́rọ́. Iná kankan kò ta. Mo dán òmíràn wò. Bákan náà ni. Mo wá yọ wáyà ńlá tó ti ibi kọ́ìlì wá. Kọ́ìlì ni ohun tó ń sọ iná kékeré bátìrì di iná ńlá. Mo fi píláyà onírọ́bà mú un, mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ súnmọ́ irin díẹ̀.

"Yí i."

Iná aláwọ̀ aró fò, ó ń dún tá, tá, tá.

"Ó mà ń mí," ni alápatà wí.

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé nídìí pátákó. Iná kúrò ní kọ́ìlì, kò dé pílọ́ọ̀gì. Ibì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, ibi tí wọ́n ti ń pín in, tí à ń pè ní disiríbútọ̀. Inú rẹ̀ ni rótọ̀ wà, ohun dúdú kékeré tó ń yí bí ìyá tó ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó jókòó yí i ká, tó ń fún pílọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní ìpín tirẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kí ó ti sán.

Mo ṣí ìdérí. Rótọ̀ kò sí níbẹ̀.

Kò sán, kò jó, kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pá irin tó máa ń jókòó lé lórí ló dá dúró lásán. Ìdérí tí mo ṣí yìí, dáadáa ni wọ́n tì í. Ẹni tó yọ rótọ̀ ti dá gbogbo nǹkan padà sí ipò wọn. Olè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bátìrì ni olè ì bá gbé.

"Ta ló ń bá ọ jà?" ni alápatà bi mí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú rótọ̀ náà jáde, ó nà án sí mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Tí a bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí a fẹ́ wọ oko, mo máa ń yọ rótọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé ọkọ̀ lọ. Ìyàwó mi ni mo máa ń fún kó so ó mọ́ etí ìró. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dúró tì mí, tí mò ń yọ ọ́, tí mò ń dá a padà. N kò rò ó rí pé ó ń wo ọwọ́ mi.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ?"

"Èmi ni, Bàbá Ìbejì. Ẹ má bínú."

"Ẹ̀gẹ́ tìrẹ ló mà wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún."

"Mo mọ̀. Kó jẹrà. A óò gbin òmíràn."

Alápatà sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. Ìyàwó mi ní kó jọ̀ọ́ kó dúró. Ó wá bi mí pé kí ni mo rántí nípa bí a ṣe ń bọ̀ láti oko lánàá. Mo ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀, kòtò pọ̀ lọ́nà, ìyàwó mi sì di ilẹ̀kùn mú gírígírí níbì kan. Mo ní mo rò pé kòtò ló já a láyà.

"Kì í ṣe kòtò. Ọkadà kan yọ láti ọ̀nà oko, ó gbé obìnrin kan pẹ̀lú àpò kajú. Ẹ ò yà, ẹ ò tẹ búréèkì, ẹ ò fun fèrè. Inú koríko ni wọ́n wọ̀. Kajú náà dà sílẹ̀."

"Ọkadà wo?"

"Ẹ ò rí nǹkan? Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ká ní ẹ rí wọn tí ẹ kò yà ni, ǹ bá bá yín jà kí a tó délé. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i tí wọ́n dìde. Mo bojú wo ẹ̀yin, ọ̀rọ̀ ebè iṣu lẹ̀ ń sọ."

Mo wá ọkadà náà nínú orí mi, n kò rí i. Ọ̀nà tí mo rántí ṣófo. Ìyàwó mi ní òun ti sọ fún mi láti ìgbà ọyẹ́ pé kí n lọ yẹ ojú wò, mo ní gíláàsì mi ṣì dára. Òótọ́ ni. Ìwé ni mo fi ń dán gíláàsì náà wò, ìwé kì í sì í sáré kọjá níwájú ẹni.

Ó yíjú sí alápatà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá wa wà á?"

"Mo lè wà á, tí Tíṣà bá lè panu mọ́ títí a ó fi débẹ̀."

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló dá rótọ̀ padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dìde.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí n kò jókòó sí rí nínú ọkọ̀ yẹn, ìyàwó mi wà láàárín wa. A ti kúrò nígboro nígbà tí alápatà dẹ eré, tó fun fèrè.

"Kí lo ń fun fèrè sí? Ọ̀nà ṣófo."

Ọkùnrin tó ń fi gbogbo nǹkan ṣẹ̀fẹ̀ yìí kò fi èyí ṣẹ̀fẹ̀.

"Màlúù ni, Tíṣà."

Mo tẹjú mọ́ iwájú. Ohun funfun kan wà níbẹ̀ tí mo ti kà mọ́ ara ọ̀nà. Bí a ṣe ń súnmọ́ ọn ni ó ń pín, ó ń yọ ẹsẹ̀, ó ń yọ ìwo. Odindi agbo.

Alápatà dúró kí wọ́n lè kọjá. Mo sọ fún un pé tí a bá padà délé, kó máa mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní ó dáa. Mo wá yíjú sí ìyàwó mi.

"Obìnrin orí ọkadà yẹn, ṣé ó pọmọ?"

Kò wò mí. Àwọn màlúù náà ló ń wò.

"Ó pọmọ," ó ní.